Ẹni Tó Gba Ọ̀nà Òkun

Èbúté Mẹ́tàá, Èkó,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Fẹ́búárì, 1937.

Bàbá mi Sùlèímánì ní Abereke,

Ẹ kú ilé, ẹ kú odò, ẹ kú àìrójú mi. Ìyá mi ńkọ́? Jùbrílù àbúrò mi ńkọ́? Ewúrẹ́ mi ńkọ́? Mo kí ewúrẹ́ ju Jùbrílù lọ, ẹ bá mi sọ fún un.

Inú ń bí mi o. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà ka lẹ́tà yìí dé ìdajì kí ẹ tó mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé ló ti ń bí mi. Tí mo bá ń jẹun, ìbínú ni mo fi ń ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Ọkọ̀ tó dojú dé lẹ́nu odò lọ́jọ́sí, ṣé èmi ni mo ní kí ìjì jà? Ẹja yíyan tó bá omi lọ, ṣé èmi ni mo jẹ ẹ́? Síbẹ̀, lójú gbogbo Abereke, ẹ ní kí n dìde ní ìdí ọkọ̀ tí atukọ̀ ń jókòó sí, ẹ fi Jùbrílù síbẹ̀, Jùbrílù tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì! Ẹ wá ki igbá bọ èmi ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ́wọ́ pé kí n máa gbọ́n omi. Àwọn ará ọkọ̀ kejì rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ tiwọn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Nígbà tí mo ní màá kúkú lọ sí Èkó, kí lẹ sọ? "Ọkọ̀ mi kò níí gbé ọ débẹ̀. Fi ẹsẹ̀ rìn." Ni gbogbo yín bá tún bú sẹ́rìn-ín. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ọmọ odò fi ẹsẹ̀ rìn dé Èkó?

Ó dáa. Mo fi ẹsẹ̀ rìn.

Láti Àràròmí ni mo ti tẹ̀ lé etí òkun títí mo fi wọ Èkó. Ọ̀nà yẹn gùn ju ẹjọ́ Fágbèmí aládùúgbò wa lọ. Yanrìn rẹ̀ gbóná débi pé mo rí ẹyẹ òkun tó balẹ̀, tó ní "yéè", tó tún fò. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi bó, ó hù, ó tún bó. Èèyàn tí mo sì pàdé lójú ọ̀nà pọ̀ ju edé inú odò lọ.

Ọlọ́rundáre ni mo kọ́kọ́ bá rìn, bàbá arúgbó kùjọ́kùjọ́ kan tó ń ru ẹní lọ tà. Ojú kan ṣoṣo ló ní, ṣùgbọ́n ojú yẹn ń rí Èkó láti Àràròmí. Ó kọ́ mi kí n máa rìn níbi tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti fà sẹ́yìn, pé ibẹ̀ ni yanrìn ti le. Ó wá ń pè mí ní "Ọmọ Ọkọ̀," ó ní mò ń mì sọ́tùn-ún mì sósì bí ẹni tó dúró nínú ọkọ̀. Mo ní kí ló kàn án. Ó ní ẹ̀rín lòun ń rín, ẹ̀rín kì í ṣe ẹjọ́. Inú bí mi, mo bá a rìn lọ.

Ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Lẹ́kí ni mo ti ko òmìrán obìnrin, Láídì lorúkọ rẹ̀. Ó ga débi pé kì í gun igi àgbọn, ó kàn ń na ọwọ́ ká a ni. Òǹgbẹ fẹ́ pa mí. Ẹ̀yin náà mọ òfin omi wa: ẹni tí omi ń gbé lọ ló ń kọ́kọ́ kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ lòdì sí omi, torí ẹni tó ń jìyà là ń kí. Iwájú ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lù mí. Ẹ̀yìn ló ti ń fẹ́ òun. Mo bá dúró kí ó kí mi. Òun náà dúró. A wo ara wa títí oòrùn fi yí.

Ó pariwo, "Ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ wo rèé? Ṣé èmi ìyá rẹ ni màá kí ọ?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin ni afẹ́fẹ́ ń gbé."

"Baba rẹ ni afẹ́fẹ́ ń gbé!"

Ó fa imọ̀ àgbọn yọ, ó fi lé mi yí abúlé ká títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló bu omi fún mi, tó tẹ ẹ̀bà fún mi, tó sì ń bú mi bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Inú bí mi, mo jẹ ẹ́ tán. Kí n tó lọ, mo ní kí ó bá mi fi iṣẹ́ rán ọmọ Ìlàjẹ tó bá kọ́kọ́ dé èbúté wọn, kí ó sọ fún yín pé mo gba ọ̀nà òkun lọ. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ náà ti dé, torí náà ẹ ò lè ní ẹ kò mọ ibi tí mo wà.

Mo ti ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Èmi ni mò ń gun orí gẹdú lójú omi tí mò ń darí rẹ̀. Àwọn ará Èkó ń pàtẹ́wọ́. Ẹ ò níí rí mi àfi tí ẹ bá dá ìdí ọkọ̀ mi padà fún mi. Ẹ má sì jẹ́ kí Jùbrílù fọwọ́ kan àjẹ̀ tí mo fi ń wa ọkọ̀.

Èmi ọmọ yín tí ẹ bí nínú,
Gàfárù.


Abereke,
Ọjọ́ kejì, oṣù Épírì, 1937.

Sí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Gàfárù,

N kò kí ọ.

Lawrence tísà ló ń bá mi kọ ìwé yìí, bí mo bá sì ti ń sọ ọ́ ló ń kọ ọ́. Lawrence, mo ní "ọma mi," má bá mi kọ "ọmọ mi."

Ọma mi Gàfárù ti kú. Òkun ló mú un. Fágbèmí ló sunkún wọ àgbàlá mi pé wọ́n ní ó gba ọ̀nà òkun lọ. A kò rí òkú rẹ̀. Lémọ́ọ̀mù ti ṣe àdúrà, a ti ṣe sàráà, àwọn ènìyàn ti jẹ, wọ́n ti lọ. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé àjẹ̀ rẹ̀ dé ẹnu odò, mo jẹ́ kí omi gbé e lọ bá a, bí a ti ń ṣe ní ulé wa fún ẹni tí òkun bá mú, kí ó má baà jókòó lásán láàrin àwọn tó ń wa ọkọ̀ níbẹ̀. Lémọ́ọ̀mù ní èyí kì í ṣe ti ẹ̀sìn. Mo ní ti ọma ni.

Ìwọ wá jókòó sí Èkó, o gbọ́ orúkọ òkú, o gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù. Kí la ṣe fún ọ? Bí Lawrence ti ń ka ìwé rẹ jáde, Mùínátù ìyá Gàfárù ṣubú lulẹ̀, omi la fi ta á jí. Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ìdí ọkọ̀ fún ọ? Ta ló sọ ti igbá ìgbọ́nmi? Ọ̀rọ̀ tí mo ń fojoojúmọ́ kábàámọ̀, ìwọ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́!

Bí o bá jẹ́ ènìyàn, má kọ̀wé sí wa mọ́. Bí o bá sì jẹ́ òkú, sinmi.

Sùlèímánì apẹja.

(Èmi Lawrence ló fi èyí kún un: bàbá ń sunkún bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Wọ́n ní kí n má kọ ìyẹn.)


Èbúté Mẹ́tàá,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Épírì, 1937.

Bàbá mi tó sin mí láàyè,

Ẹ kú ìsìnkú o! Ẹ kú ìnáwó! Ẹ kú àṣeyẹ!

Ẹ sin mí! Èmi tí mo jókòó síbí tí mò ń jẹ gàrí, tí ẹ̀fọn Èkó ń jẹ èmi náà! Ẹ ò rí òkú, ẹ ò rí ẹ̀wù, ẹ ò rí eékánná ẹsẹ̀ kan, ẹ ti pe lémọ́ọ̀mù. Èwo ni ìkánjú? Ṣé oúnjẹ sàráà ló ń wù yín jẹ ni? Ẹran kí sì ni ẹ pa? Ẹ má sọ fún mi. Mo ti mọ̀. Ewúrẹ́ mi ni! Ẹ pa ewúrẹ́ mi fún ikú mi! Òun ló yẹ kó jogún mi! Ó dá mi lójú pé Jùbrílù ló jẹ itan rẹ̀, dàńṣíkí mi tó láwọ̀ ewé ló sì wọ̀ jẹ ẹ́, tó ń nu ọwọ́ ọ̀rá sí i lára.

Ọ̀nà òkun! Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni, bàbá mi! Ọ̀nà etí òkun tí mo rìn! Bí gbogbo ará ibẹ̀ ṣe ń pè é nìyẹn. "Níbo lo gbà wá?" "Ọ̀nà òkun ni." Ẹnu Ọlọ́rundáre ni mo ti gbọ́ ọ, ó sì dùn lẹ́nu mi. Láídì sọ ọ́ bí mo ṣe ní kó sọ ọ́, Fágbèmí wá fi etí Abereke gbọ́ ọ̀rọ̀ Lẹ́kí. Ẹjọ́ ta ni? Fágbèmí ò lè béèrè pé, "Ṣé ó rì ni àbí ó rìn?" Wọ́n á dá a lóhùn!

Ẹ ní ta ni mí? Èmi ni mo fi àjẹ̀ gbá ọ̀nì lẹ́nu lẹ́yìn Òde Ugbò, tí ọ̀nì náà bú sẹ́kún, tó ń pe ìyá rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ sì jáde wá bẹ̀ mí. Èmi ni ẹ gbẹ́ àmì ẹsẹ̀ akàn sí ọrùn àjẹ̀ fún, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà.

Ẹ wá gbé àjẹ̀ yẹn fún òkun. Mo lè fojú fo ti ewúrẹ́. Mi ò lè fojú fo ìyẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ní ilé wa, ẹni tí kò ní àjẹ̀ kò ní ìjókòó nínú ọkọ̀. Ṣé kí n wálé wá jókòó sórí omi ni? Ẹ gbẹ́ òmíràn fún mi, kí ẹ gbẹ́ akàn mi sí i. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìyá mi dìde nílẹ̀.

Gàfárù tí kò kú.


Abereke,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Júùnù, 1937.

Gàfárù,

Ìwọ ni. Ọ̀nì tó ń pe ìyá rẹ̀ ni mo fi mọ̀. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọpẹ́ tán síbẹ̀.

Ìwọ ọma odò, tí wọ́n bí sórí omi, ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé o kò mọ ohun tí ọ̀nà òkun jẹ́ ní ẹnu wa? Nígbà tí Jọọlá ọkọ àǹtí rẹ rì, kí la sọ? A ní ó gba ọ̀nà òkun lọ. Ṣé Lẹ́kí ló lọ ni? Ẹsẹ̀ rẹ kò tíì bó tán tí ẹnu rẹ ti bó. O rìn díẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará yanrìn, ẹnu wọn di ẹnu rẹ, o wá fi ẹnu àjòjì ránṣẹ́ sí baba rẹ. O ní Fágbèmí ò béèrè. Èmi ńkọ́? Ta ni kí n bi? Omi?

Mo bi omi. Àwọ̀n tí mo fi ń pa ẹja ni mo fi wá ọ. Ṣé o mọ bí ó ti rí, kí àwọ̀n wúwo lọ́wọ́ ènìyàn, kí ó máa bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ẹja? Ìyá rẹ kò fẹnu kan ẹja mọ́ láti ìgbà náà, ó ní òun kò mọ ohun tí ẹja ti jẹ. Jùbrílù tó o ń bú, láti ọjọ́ tí ìròyìn ti dé ló ti dìde ní ìdí ọkọ̀ tí kò jókòó síbẹ̀ mọ́. Dàńṣíkí rẹ wà lórí ìrọ̀rí rẹ̀. Kò wọ̀ ọ́.

Ewúrẹ́ rẹ la pa. Ẹran rẹ̀ yi.

Àjẹ̀? Ohun tí a bá fún òkun, a kì í gbà á padà. Baba mi kò gbẹ́ àjẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún ọma kan rí, n kò sì níí gbẹ́ ẹ. O fẹ́ pàṣẹ fún mi láti Èkó? Lawrence, kọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Kọ ọ́ gàdàgbà. N KÒ NÍÍ GBẸ́ Ẹ.

Sùlèímánì.


Èbúté Mẹ́tàá,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Júláì, 1937.

Sí Sùlèímánì apẹja,

Ọpẹ́ tán síbẹ̀? Ọmọ náà tán síbí.

Ẹni tí kò ní àjẹ̀ kò ní ilé, ó ti yé mi. Mo ti kú náà nìyẹn. Àdúrà yín ti gbà, sàráà yín kò ṣòfò. Èkó ni ọ̀run mi, gẹdú ni ibojì mi, ẹ má kọ̀wé sí òkú mọ́.

Ẹ sọ fún ìyá mi pé kó jẹ ẹja rẹ̀ ní àlàáfíà. Kò sí ẹja tó lè jẹ mí, mo korò.

Òkú yín,
Gàfárù.


Èbúté Mẹ́tàá,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1937.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ rí i bí mo ṣe kí yín dáadáa.

Mo ní kí ẹ má kọ̀wé, ẹ wá gbọ́ràn sí mi lẹ́nu! Ìgbà wo lẹ gbọ́ràn sí mi lẹ́nu rí? Àwọn tó ń fa gẹdú bọ̀ láti odò wa ní àwọn kò rí yín lójú omi mọ́. Wọ́n ní ìyá mi ń dá yan ẹja, tí wọ́n bá béèrè yín, á ní "Ó ti lọ." Lọ síbo? Ta ló ń sọ "Ó ti lọ" tí kò parí rẹ̀?

Inú ṣì ń bí mi, ẹ má rò pé ó ti rọlẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ kan, mò ń darí gẹdú, mo rí ọkọ̀ kan tó léfòó ní ìdojúdé, n kò mọ ìgbà tí mo bẹ́ sómi. Ọkọ̀ ẹlẹ́yanrìn ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi títí. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ẹ wo bí ó ti burú tó.

Ẹ kọ̀wé. Bí ó jẹ́ èébú, ẹ kọ èébú.

Gàfárù.


Ilé Láídì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lẹ́kí,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Òkítóbà, 1937.

Gàfárù,

Moríkẹ́ ọmọ Láídì ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Má rẹ́rìn-ín, ọmọ yìí, kọ ohun tí mò ń sọ.

Mo ní n kò níí gbẹ́ àjẹ̀ mìíràn. Mo gbẹ́ ẹ. Má bi mí. Bí mo ti gbẹ́ ẹ tán, mo ní n kò níí fi rán ẹnikẹ́ni, kí Fágbèmí má baà lọ sọ fún ọ pé èmi náà ti kú. Mo gbé e lé èjìká, mo ní kí n rìn wá fi lé ọ lọ́wọ́, kí n sì gbá ọ létí. Fún etí yẹn nìkan ni mo ṣe wá.

Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ọ ní irú ọ̀nà báyìí? Yanrìn ń mu ẹsẹ̀ ènìyàn bí ẹrẹ̀ odò! Ẹsẹ̀ mi wú bíi ìṣù púpurú ẹ̀gẹ́. Gbogbo ẹni tí mo pàdé ló ń bi mí pé, "Bàbá, ọkọ̀ dà?" Ọmọdé kan ní, "Ṣé yanrìn lẹ fẹ́ wà ni?" Mo bá Ọlọ́rundáre rẹ pàdé. Ojú rẹ̀ méjèèjì pé. Kì í ṣe arúgbó kankan, mo jù ú lọ! Ó wò mí tí mò ń bọ̀, ó ní, "Ọmọ Ọkọ̀ lọ, baba Ọkọ̀ dé." Ó ní ọjọ́ tí ẹ jọ rìn, o ń sọ̀rọ̀ mi láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo bi í kí lo sọ. Ó ní o sọ pé baba rẹ fi ọwọ́ lásán mú ẹja àbùùbùtán. Mo ní irọ́ ni. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n irọ́ náà dùn lẹ́nu rẹ.

Mo dé ọ̀dọ̀ Láídì. Òmìrán tí o wí kò dé èjìká mi. Iwájú ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lù mí, ẹ̀yìn ló ti ń fẹ́ ẹ. Mo dúró kí ó kí mi. Obìnrin náà kó ọwọ́ lé ìbàdí, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù! Baba Gàfárù lèyí." Ó ní ọjọ́ tí òun jíṣẹ́ rẹ fún Fágbèmí, tí ó bú sẹ́kún, òun rò pé ìfẹ́ rẹ ló ń pa á. Mo sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lẹ́nu wa fún un. Ó jókòó sílẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni títí di àsìkò oúnjẹ.

Ìwé rẹ tó o fi ń wá mi, Lawrence fi rán Fágbèmí, ó sì tẹ̀ mí lọ́wọ́ níbí. Ọkọ̀ wa ló wà wá, ọkọ̀ náà wà ní ọ̀sà. Fágbèmí ti jíṣẹ́ kan bó ti yẹ láyé rẹ̀.

N kò rìn mọ́. Mo ti rin tèmi, wá rin tìrẹ. Inú ń bí mi sí ọ débi pé n kò fẹ́ wo ojú rẹ nígbà tí a bá ń lọ. Nítorí náà iwájú ọkọ̀ ni èmi máa jókòó sí, kí ìwọ wà ní ìdí ọkọ̀, kí o máa wo ẹ̀yìn mi títí dé ulé. Ìyá rẹ ti ní bí òun bá fojú rí ọ, òun á jẹ ẹja.

Àjẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. N kò tíì gbẹ́ akàn sí i. Ọbẹ wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n n kì í gbẹ́ àmì fún ẹni tí n kò rí.

Ọ̀nà òkun ni kí o gbà. Kí o sì dé láàyè.

Baba rẹ,
Sùlèímánì.